Ṣé Sùúrù Ni Ìdákẹ́jẹ́? Ọ̀rọ̀ Nípa Ọkàn Ẹni Tí Wọ́n Ṣiṣẹ́ Abẹ Ọ̀pá-Ẹ̀yìn Fún

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tó dá ènìyàn, tó to eegun ẹ̀yìn rẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀, tó sì fi ọkàn sí i láyà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé síwájú yín ní oṣù yìí. Bí Mùsùlùmí bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, tí ẹ̀rù ń bà á, tí inú rẹ̀ bàjẹ́, tí kò rí oorun sùn lóru, ṣé kí ó sọ ọ́ jáde ni, àbí kí ó dákẹ́? Bí ó bá sọ ọ́, ṣé kò tíì di ẹni tó ń fẹjọ́ Ọlọ́hun sun ẹ̀dá? Bí ó bá sì dákẹ́, ṣé sùúrù ni a ó máa pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀?

Ó lè dà bí ìbéèrè kékeré lójú ẹni tí ara rẹ̀ le. Kì í ṣe kékeré lójú ẹni tí wọ́n fi abẹ là lẹ́yìn, tó ń wojú àjà láti ìrọ̀lẹ́ títí di àsùbáà. A mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ọ̀pá-ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nítorí pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí àwọn oníṣègùn ti rí i kedere pé ọ̀rọ̀ ọkàn àti ọ̀rọ̀ ara kì í rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí mìíràn tún wà: ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ láàrin wa, a kò sì ṣe dáadáa sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin wa

Arákùnrin wa kan wà tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ó tó ọdún méjì tí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, tí ìrora náà ń gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tó yá, àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọ́n ṣe é, wọ́n yọ ohun tó ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi irin de eegun méjì pọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwa ọmọ ẹgbẹ́ kó ara wa jọ, a lọ kí i. A pọ̀ débi pé ẹnu ọ̀nà ni àwọn mìíràn dúró sí.

Ẹnì kan nínú wa sọ ìtàn Ànábì Ayyub. Ẹlòmíràn rán an létí pé àìsàn a máa fọ ẹ̀ṣẹ̀ dànù. Ẹ̀kẹta ní kí ó ṣáà ṣe sùúrù, pé onísùúrù kì í pàdánù. Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí a sọ. Ó sì ń dá wa lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Al-hamdu lillahi." Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ilé ìwòsàn ni a ń sọ fún ara wa pé ìmáànù arákùnrin yìí ga.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ojú ọgbẹ́ ti jinná. Fọ́tò tí wọ́n yà fi hàn pé eegun àti irin wà ní ipò wọn. Ṣùgbọ́n arákùnrin wa kò dìde lórí ẹní bí kò ṣe láti lọ sí balùwẹ̀. Kò wá sí àsàlátù. Kò lè tẹ̀ ba láti mú bàtà. Ni ẹnu bá bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ọ̀kan ní ọ̀lẹ ni. Èkejì ní ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kẹta, tí òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ kí i, ní bóyá ìmáànù rẹ̀ ló ti jó rẹ̀yìn.

Ìyàwó rẹ̀ ló tú àṣírí fún àwọn arábìnrin wa. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni ọkọ òun kò ti rí oorun sùn. Ó ní ìgbàkigbà tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ohun tó máa ń rò ni pé irin ẹ̀yìn òun á ṣẹ́, òun á sì di arọ. Ó máa ń sunkún lóru. Nígbà tí ìyàwó ní kí ó jẹ́ kí òun sọ fún wa, ó ní, "Má sọ fún wọn o. Wọ́n ní ìmáànù mi ga."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún wa lọ́kàn. Ìyìn wa ni a fi pa á lẹ́nu mọ́.

Kí ni ó wà nínú ọ̀pá-ẹ̀yìn?

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Eegun tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀pá-ẹ̀yìn, láti ọrùn dé ìbàdí, jẹ́ 24: 7 ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn àyà, 5 ní ìbàdí. Àwọn tó kù nísàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Láàrin eegun kan sí èkejì, kerekere kan wà tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Inú ihò tí àwọn eegun yìí ṣe ni okùn iṣan tó ti inú ọpọlọ wá ń gbà kọjá, tó ń pín ẹ̀ka fún apá àti ẹsẹ̀. Bí kerekere ìbàdí bá yọ síta tó tẹ ọ̀kan nínú àwọn iṣan náà, ìrora á gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀ bí iná. Bí ihò náà bá sì fún nítorí ọjọ́ orí, ẹsẹ̀ á máa wúwo bí ènìyàn bá rìn díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú ìrora ẹsẹ̀ tí kerekere ń fà ló máa ń lọ láìsí iṣẹ́ abẹ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan. Àwọn tí tiwọn kò lọ, tàbí tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, ni wọ́n sábà máa ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́, ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn.

Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ lè yọ ohun tó ń tẹ iṣan. Ó lè fi irin de eegun tó ń mì. Ṣùgbọ́n kí aláìsàn dìde, kí ó rìn, kí ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, kí ó gbé ọmọ rẹ̀, kí ó tẹ orí ba fún ìrun, èyí wà níwájú abẹ. Ibẹ̀ ni ọkàn ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun tí àwọn oníṣègùn rí

Oníṣẹ́ abẹ eegun kan wà ní Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, Gordon Waddell ni orúkọ rẹ̀. Ó ń rí i pé ènìyàn méjì lè ní irú àìsàn ẹ̀yìn kan náà nínú fọ́tò, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kan náà fún wọn, kí ọ̀kan padà sẹ́nu iṣẹ́, kí èkejì wà lórí ẹní. Ní 1980, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn àmì kan tí dókítà lè rí nígbà tó bá ń yẹ aláìsàn wò, èyí tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju eegun lọ. Ní 1987, ó tún kọ̀wé pé kò tọ́ kí a máa wo ìrora ẹ̀yìn bí ẹni ń wo ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Pé ara, ọkàn àti àwọn tó yí aláìsàn ká ni a gbọ́dọ̀ wò pọ̀. Ní 1992, Chris Main àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tí Waddell wà nínú wọn, gbé ìwé ìbéèrè kúkúrú kan jáde tí dókítà lè fi mọ̀ bóyá ọkàn aláìsàn ẹ̀yìn wà nínú ìdààmú. Wọ́n rí i pé àwọn tí ìdààmú ọkàn wọn pọ̀ kì í sábà rí àbájáde rere nínú ìtọ́jú tó àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìwádìí ti jáde ní onírúurú ilẹ̀ lórí àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀pá-ẹ̀yìn fún. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bá ara mu lórí gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí ibì kan náà: ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìpayà tàbí ìbẹ̀rù pé bí òun bá mira òun á bàjẹ́ bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìrora rẹ̀ pẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ, kí ó sì pẹ́ kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé a ní "ó ṣeé ṣe". Àmì ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló gbádùn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ìrora gan-an ló ba ọkàn wọn jẹ́. Bí ìrora ti lọ ni ọkàn náà fúyẹ́.

Báwo ni ohun tí a kò fojú rí ṣe ń dí ara lọ́wọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni a ó mẹ́nu bà.

Èkíní ni ìbẹ̀rù ìmira. Ní 2000, Johan Vlaeyen àti Steven Linton ṣàlàyé bí ó ṣe ń rí: ìrora dé, ènìyàn rò pé ohun tó burú jù ló fẹ́ ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù, kò mira mọ́; nígbà tí kò mira, iṣan ara rẹ̀ rọ; nígbà tí iṣan rọ, ìrora pọ̀ sí i; nígbà tí ìrora pọ̀, ìbẹ̀rù gbilẹ̀. Bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn ni, tó ń yípo, tí okùn ń kúrú sí i. Arákùnrin wa gan-an nìyẹn.

Èkejì ni pé ìdààmú ọkàn ń fa ọwọ́ ìwòsàn sẹ́yìn nínú ara. Ní 1995, Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú obìnrin 13 tí wọ́n ń tọ́jú ará ilé wọn tí àrùn ọpọlọ ti sọ di aláìlèdádúró, wọ́n sì mú 13 mìíràn tí kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé ojú ọgbẹ́ kékeré kan náà sí wọn lára. Ti àwọn olùtọ́jú náà fi nǹkan bí ọjọ́ 9 pẹ́ kí ó tó jinná. Kì í ṣe ọgbẹ́ ọ̀pá-ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n awọ ara ènìyàn ni.

Ẹ̀kẹta ni oorun àti oúnjẹ. Ẹni tí kò sùn, ìrora á le lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í jẹun dáadáa, kì í ṣe ìdárayá tí wọ́n ní kí ó ṣe, ó sì lè máa gbé oògùn ìrora mì ju ìwọ̀n lọ.

Ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2016, Kristin Archer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 86 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún, tí ìbẹ̀rù ìmira ṣì wà lára wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba ẹ̀kọ́ lásán nípa ìwòsàn ẹ̀yìn. Apá kejì ní oníṣègùn ìdárayá tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nípa ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, tó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fi ìmira kékeré kékeré borí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìrora apá kejì dín kù ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì lè ṣe nǹkan fúnra wọn jù wọ́n lọ. Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe abẹ kejì. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn ni, wọ́n sì gbọ́ wọn.

Ṣé àìní ìmáànù ni ìbànújẹ́?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹ̀sìn wa. Ẹnì kan lè sọ pé: "Bí ènìyàn bá gba kádàrà gbọ́, kí ló ń bà á lẹ́rù?" Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi Àlùkùránì.

Ànábì Yaaqub sunkún lórí ọmọ rẹ̀ Yusuf títí ojú rẹ̀ fi funfun. Ó sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé Ọlọ́hun ni òun ń rojọ́ ìbànújẹ́ òun fún. Ànábì náà ni, ìmáànù rẹ̀ kò sì yẹ̀. Ìyá Ànábì Musa, lẹ́yìn tó gbé ọmọ rẹ̀ sójú omi, ọkàn rẹ̀ ṣófo, ó kù díẹ̀ kí ó tú àṣírí, bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́hun fún ọkàn rẹ̀ lágbára. Maryam, nígbà tí ìrọbí mú un nídìí igi dàbínù, ní ì bá sàn kí òun ti kú ṣáájú ọjọ́ náà. Ọlọ́hun kò bá a wí. Omi ni ó fi hàn án, àti èso dàbínù tútù tó máa jẹ.

Ẹ wo Ànábì Musa fúnra rẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́hun rán an sí Firiauna, kò ní kò sí ohun tó ń ba òun lẹ́rù. Ó sọ ọ́ gbangba pé òun ń bẹ̀rù kí wọ́n má pa òun, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi Harun arákùnrin òun ti òun lẹ́yìn. Ṣé Ọlọ́hun bínú? Rárá o. Ó fún un ní arákùnrin rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó sọ ẹ̀rù rẹ̀ ni wọ́n fún ní alátìlẹ́yìn.

Àti Ànábì Ayyub tí a fi ìtàn rẹ̀ ki arákùnrin wa láyà, a gbàgbé ìlàjì ìtàn náà. Ayyub ké sí Olúwa rẹ̀ pé ìnira ti bá òun. Ẹni tó ké yìí kan náà ni Ọlọ́hun pè ní onísùúrù. Bí igbe bá ba sùúrù jẹ́, orúkọ yẹn kì bá tí jẹ́ tirẹ̀. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú, ó sì jẹ́ kí ó yé àwọn tó wà níbẹ̀ pé omijé ojú àti ìbànújẹ́ ọkàn kì í ṣe ọ̀ràn, bí ahọ́n kò bá ti sọ ohun tí Ọlọ́hun kò fẹ́.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ wà láàrin kí ènìyàn fẹjọ́ Ọlọ́hun sùn àti kí ó ròyìn ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó ń fẹjọ́ sùn ń sọ pé Ọlọ́hun kò ṣe dáadáa sí òun. Ẹni tó ń ròyìn ń wá ìrànlọ́wọ́ tí Ọlọ́hun fi sọ́wọ́ ẹ̀dá. Ibn al-Qayyim, onímọ̀ ńlá ìlú Damascus tó kú ní 1350, ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ lórí sùúrù pé bí aláìsàn bá sọ ipò rẹ̀ fún oníṣègùn, kò ba sùúrù rẹ̀ jẹ́. A kì í sọ pé ẹni tó fi ibi tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún han dókítà kò ní sùúrù. Kí ló dé tí ẹni tó fi ibi tí ọkàn ti ń dùn ún hàn yóò fi jẹ̀bi?

Ìmọ̀ yìí kì í sì ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yá lọ́wọ́ òyìnbó. Ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí láti agbègbè Balkh tó wà ní Afghanistan òde òní, tó kú ní 934, kọ ìwé kan lórí àlááfíà ara àti ọkàn pọ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ara bá ń ṣàìsàn, ó lè da ọkàn láàmú, bí ọkàn bá sì ń ṣàìsàn, ó lè kó bá ara. Ó gba ènìyàn nímọ̀ràn pé nígbà tí ọkàn balẹ̀ ni kí ó ti kó èrò rere jọ, bí a ti ń tọ́jú oògùn sílé de ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Àwọn baba wa nínú ẹ̀sìn ti mọ̀ ọ́n.

Ewu tó wà ní apá kejì

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Bí a bá ti mọ̀ pé ọkàn ń ṣiṣẹ́ nínú ìwòsàn, ó rọrùn kí a sọ ìmọ̀ náà di òkò tí a ó máa sọ lu aláìsàn. "Àìbalẹ̀ ọkàn rẹ ló dá ọ dúró." "Ọkàn rẹ ni kò mọ́." "Kò sí ohun tó ń ṣe ọ́, inú orí rẹ ló wà." Èyí burú ju àìmọ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n fi àmì Waddell ṣe gan-an nìyí. Àwọn kan nínú àwọn oníṣègùn àti agbẹjọ́rò sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń mú aláìsàn pé ó ń díbọ́n, pé kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Ní 1998, Main àti Waddell fúnra wọn ní láti jáde kọ̀wé pé bẹ́ẹ̀ kọ́, pé àmì náà kò túmọ̀ sí pé aláìsàn ń parọ́, pé ohun tó ń sọ ni pé kí a wo ẹni náà síwájú sí i. Ẹ wò ó: àmì tí wọ́n ṣe kí àánú lè pọ̀ sí i ni àwọn kan fi ń dáni lẹ́bi. Ṣé kò jọ ohun tí àwa náà máa ń fi ọ̀rọ̀ sùúrù ṣe?

Pẹ̀lú èyí, kì í ṣe gbogbo ìrora tó bá kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ti ọkàn. Irin lè yẹ̀, kòkòrò lè wọ ojú ọgbẹ́, kerekere lè tún yọ. Bí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bá ń ní ibà, tí ojú ọgbẹ́ ń ṣọyún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú, tí àárín itan rẹ̀ kú tìpìrì, tàbí tí kò lè ṣàkóso ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe wàásù fún un. Bákan náà, kò tọ́ kí dókítà lé ẹni tó nílò iṣẹ́ abẹ padà sílé nítorí pé inú rẹ̀ bàjẹ́. A ń béèrè ọ̀rọ̀ ọkàn kí a lè ran ènìyàn lọ́wọ́, kì í ṣe kí a lè ṣa àwọn tí ọkàn wọn le nìkan.

Kí ni kí a ṣe?

Ìwọ tí ara ń ni, sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí wọ́n tó gbé ọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, sọ fún dókítà bí o ṣe ń sùn, ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù, àti gbogbo oògùn tí o ń lò, tó fi dórí àgbo. Bi í léèrè èwo ni mo lè ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èwo ni kí n má ṣe, ìrora wo ni ti ìwòsàn, èwo ni ti ewu. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rù ni ìdáhùn kan ṣoṣo lè lé lọ. Nípa ìrun, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́. Nígbà tí Imran ọmọ Husayn ń ṣàìsàn, Ànábì wa ní kí ó kí ìrun lórí ìdúró. Bí kò bá lè ṣe é, lórí ìjókòó. Bí kò bá lè ṣe é, lórí ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Ìrun orí àga kì í ṣe ìrun ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí aláìsàn, ẹ̀san ńlá ni ẹ ń wá, ẹ má fi ọwọ́ ara yín bà á jẹ́. Ẹ má lọ ní ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má pẹ́ jù. Ẹ má ròyìn ẹni tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún tó di arọ. Kí ẹ tó wàásù, ẹ béèrè: "Báwo ni alẹ́ àná ṣe rí? Kí ló wúwo lọ́kàn yín jù?" Kí ẹ sì dákẹ́ kí ẹ gbọ́. Ó lè jẹ́ pé owó ilé ìwé ọmọ ni, tàbí ìsọ̀ tó wà ní títì. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi owó àpò ara wọn sanwó ilé ìwòsàn. Ọkàn ẹni tó jẹ gbèsè iṣẹ́ abẹ kò lè tètè balẹ̀. Sàdáákà tí a fi san ìdajì gbèsè yẹn wà lára oògùn ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tó bá jẹ́ pé ìyá ilé ni ẹ̀yìn ń dùn. Wọ́n á ní kí ó sinmi, kò sì sí ẹni tó máa pọnmi. Ó ń rí ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún, kò sì lè pọ̀n ọ́n. Ẹ pín iṣẹ́ ilé rẹ̀ láàrin ara yín fún oṣù kan. Ẹ̀yin ọkọ, kì í ṣe àbùkù bí ẹ bá gbá ilẹ̀. Ànábì wa a máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú ní iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, fi hàn láti 1954 pé ará ilé wà lára ìwòsàn. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé ní abúlé tó wà nítòsí pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn méjì méjì fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan: láti mú un lọ sí ìdárayá, láti bá a rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé ikú yá òun ju ayé lọ, ẹ má kà á sí àìmoore, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nìkan. Ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn lọ́jọ́ náà.

Ìparí ọ̀rọ̀ arákùnrin wa

Nígbà tí a gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ, méjì nínú wa padà lọ. A kò wàásù. A tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ni a bá a lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìdárayá. Obìnrin náà bi í pé, "Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ba?" Arákùnrin wa sunkún níwájú wa. Wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n fi irin náà hàn án àti bó ṣe dúró. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kí ìrun àsàrì tán, àwa méjì á bá a rìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdí igi máńgòrò iwájú ilé la dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a dé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí.

A kò ní parọ́ fún yín: kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún nígbà mìíràn, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń gbé ẹ́ńjìnnì báyìí. Àmọ́ ó ti padà sí ìsọ̀, ó ń wá sí àsàlátù, ó sì ń kí ìrun lórí àga láìtijú. Bí ẹ bá bi í pé báwo ni ara, ó ṣì máa ń ní, "Al-hamdu lillahi." Ohun tó yàtọ̀ ni pé ó máa ń fi kún un báyìí pé, "ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa lánàá."

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa nìyẹn. Sùúrù kì í ṣe kí ènìyàn pa ẹnu mọ́. Sùúrù ni kí ó má bá Ọlọ́hun jà, kí ó má sì jáwọ́ nínú wíwá ìwòsàn, tó fi dórí kí ó sọ òtítọ́ nípa ohun tó ń ṣe é. Tiwa tí ara wa le ni kí a jẹ́ ẹni tí a lè sọ ọ́ fún.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn tí kò ní kù síbì kan, kí ó fi ìfọ̀kànbalẹ̀ sí ọkàn wọn, kí ó sì fi àwa náà ṣe Harun fún ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà. Àmín.